“Ara Le” Tí Màmá Mi Wí

Bọ̀dá akọ̀wé, ẹ má wulẹ̀ ti fèrèsé yẹn o! Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, mi ò sì ní gbé e kúrò. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìwòsàn màmá mi? Ẹ kà á sókè kí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́. “Aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le.” Ara òun le! Ẹ gbà mí o!

Ẹ kí ìyá oníyàá, ẹ ní “Màmá, ara ńkọ́?” Ó dá yín lóhùn pé “A dúpẹ́, ara le.” Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ṣé kó máa ròyìn ìtọ̀ súgà fún ẹni tó kí i ni? Ọdún mọ́kànlá ni àìsàn yìí ti ń bá a gbélé, ẹ wá mú ìkíni, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò! Ẹ fi bírò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láàárín àwọn tó ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́!

Ẹ̀yin náà, ara yín ńkọ́? Ẹ̀n-ẹ́n! “A dúpẹ́” náà nìyẹn! Ikọ́ tó ń mi tábìlì yín láti àárọ̀ ńkọ́? Kí n bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín le?

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni màmá mi. Látọjọ́ tí ẹ ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ló ti ń fi ọ̀bẹ ìdáná la hóró oògùn sí méjì, ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la, kó lè pẹ́, kò sì sọ fún mi! Àfìgbà tó ní kí n wá bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́, tó ń na òwú sí ibi tí mi ò sí. Aránṣọ tí kò ríran, kí ni yóò máa rán?

Kí lẹ wí? Ẹ ní tí gbogbo ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn á tán? Tí wọn ò bá rí i gbà ńkọ́, kí ni yóò tán? Àwọn ènìyàn ni! Àìsàn tí kì í lọ, tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè, ẹ wá ní kí ẹni tó wà lára rẹ̀ máa ra ẹ̀mí ara rẹ̀ lóṣooṣù!

Mi ò lọ! Ìwé tí mo kà, torí irú yín ni mo ṣe kà á. Kì í ṣe màmá mi nìkan o, bàbá wẹ́dà àdúgbò wa tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru náà, ẹ lé òun náà dànù torí ó ní “ó ń ṣe dáadáa.” Ẹ dá orúkọ gbogbo wọn padà, lónìí, níṣojú mi!

Ẹ ní ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu màmá fúnra wọn? Ó dáa. Òun ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ bi í.

Yéè! Màmá! Ẹ tún dáhùn pé “ara le”! Èyí kọ́ la torí ẹ̀ wá síbí o! Háà, ìyá yìí á pa mí lẹ́rìn-ín... Bọ̀dá! Ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀! Ẹ ò gbọdọ̀ kọ ọ́! Ó kàn ń kí yín ni!