Ìgò Tí Wọ́n Fọ̀

Ní ibi tí a ti ń gba ẹrù òkè òkun ní Ṣógúnlé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan àti ọkùnrin kan tó jù ú lọ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní làábù, tò níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ wá fọ̀ ọ́!"

"Mo gbé e sókè wò, mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ṣe bí ìgò òfìfo ni. Ìmọ́tótó tí ìyá mi kọ́ mi ló kó bá mi."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyẹ̀fun ẹ̀ kéré débi pé kì í hàn. Pròtéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà ni. Ti eku ni, àmọ́ inú bakitéríà ni wọ́n ti ṣe é."

"Wọ́n ṣáà ní òmíràn ti wà lọ́nà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta ò lè dúró dè é. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gboyè nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

"Mo yọjú sí wọn láàárọ̀. Wọ́n wà jẹ́ẹ́. Kò jọ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n."

"Wọn kì í pariwo tí wọ́n bá ń kú. Èèyàn á rò pé wọ́n ń sinmi ni."



Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kú, ó sùn títí di ọ̀sán. Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ má ṣe jí i, kí ó lè sinmi.