Ojú Ewé Kejì

[Dókítà àwọn ọmọdé ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì.]

DÓKÍTÀ: Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.

BỌ̀DÁ: Káàárọ̀ o, àbúrò mi. Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ará ilé ńkọ́—

DÓKÍTÀ: Wọ́n wà. Ìwé májèlé èso yẹn ńkọ́?

BỌ̀DÁ: Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni copyright. Wọn ò tíì fèsì. Ṣé bẹ́ẹ̀dì kò ì tíì kún lọ́dọ̀ yín?

DÓKÍTÀ: Ọ̀kan ti ṣófo.

BỌ̀DÁ: Ọ̀kan ti—? Ṣé o gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ: Àwọn ọmọ méjì tó jẹ èso ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ọkùnrin kú láàárọ̀ yìí. Ó ku àbúrò ẹ̀ obìnrin.

BỌ̀DÁ: Háà! Omi ló dànù, agbè ò fọ́—

DÓKÍTÀ: Ẹ má tíì kí mi. Ìyá wọn ń ká ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn. Ó ká a tán, ó tún tú u. Mò ń wò ó. Mi ò sunkún.

[ariwo, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́]

BỌ̀DÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ: Mò ń gbọ́ yín. Ẹ snap ìwé yẹn fún mi.

BỌ̀DÁ: Wọn ò gbà wá láyè. Fọ́tò o, photocopy o, èèwọ̀ ni.

DÓKÍTÀ: Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí yín, Bọ̀dá.

BỌ̀DÁ: Òun ló kú. Copyright ẹ̀ ò kú.

DÓKÍTÀ: Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ má kà á ni?

BỌ̀DÁ: Kíkà kẹ̀? Ẹni tó bá ti wọlé lè kà á.

DÓKÍTÀ: Ẹ kà á sí mi létí, nígbà náà.

[ìró àga]

BỌ̀DÁ: Látọjọ́ Mọ́ńdè ló ti wà lórí tábìlì mi. Àṣẹ ni mò ń retí. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn—

DÓKÍTÀ: Ẹ kà á.

[ìró bébà]

BỌ̀DÁ: "Nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ jẹ—"

DÓKÍTÀ: Ẹ fo ìyẹn. Ojú ewé kìíní wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n fún àwọn kan ní mílíìkì gbígbóná, ó wá já síbẹ̀. Subscribe, ni wọ́n ní. Mílíìkì yẹn náà la ti ń fún àwọn ọmọ méjèèjì. Ìwọ̀n ẹ̀ ni mò ń wá.

BỌ̀DÁ: Ojú ewé kejì. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ o. "...wọ́n sì kú kílẹ̀ tó ṣú, àfi ẹnì kan. Àwọn tí a kò fún ní mílíìkì ló yè." Ṣé o gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ: Ẹ tún un kà.

BỌ̀DÁ: "Mílíìkì ló tètè gbé májèlé náà wọnú ẹ̀jẹ̀—"

DÓKÍTÀ: [ohùn kan náà] Nọ́ọ̀sì, ife ọwọ́ yín yẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: [lókèèrè] Ọmọ yẹn ti mu mílíìkì ẹ̀ tán, Dókítà. Inú ẹ̀ dùn sí i, ó ní ká fi kún un.

BỌ̀DÁ: Àbúrò mi, má fi fóònù sílẹ̀! Ẹni kan tó yè yẹn, òun náà mu mílíìkì. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un síbí. Ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́—

[Ìpè já.]