Kóòtù Tí Wọ́n Ta Ní Kókó Lápá

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e. Lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ń kùn. Lẹ́yìn Télọ̀, àbúrò rẹ̀, maṣíìnì ìránṣọ ń sáré.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Télọ̀! Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì yẹn, ká gbọ́ ara wa.

TÉLỌ̀: Àǹtí mi! Ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ooru—

Ẹ̀GBỌ́N: Ooru wo? Èéfín ló ń jáde lẹ́nu mi nígbà tí mo ń bọ̀ láàárọ̀.

TÉLỌ̀: Ẹ kú òtútù náà. Èmi ò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, mi ò tíì yọjú síta, irùngbọ̀n mi ti dé ìdodo.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ní, mo ti fi mẹ́ta wá ibi tí network wà. Orí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ni mo dúró sí. Aṣọ mi ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mo dúró lórí apẹ̀rẹ̀.

TÉLỌ̀: Ẹ jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ìdúró, á ṣubú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò, má bá mi ṣeré. Láti aago márùn-ún ni mo ti ń ká ṣíìtì. Tí mo bá sùn, mò ń ká a. Lánàá, mo délé, mo ká aṣọ tábìlì, mo ká aṣọ ìnura, àfi ìgbà tí ọmọ mi pariwo ni mo mọ̀ pé ẹ̀wù tó ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ ni mò ń ká.

TÉLỌ̀: [ẹ̀rín] Ṣé ẹ ò ká ọmọ náà mọ́ ọn?

Ẹ̀GBỌ́N: Díẹ̀ ló kù. Gbọ́. Monday ni mò ń kúrò ní ilé ìfọṣọ. Iwájú ni mo máa jókòó, níbi tí àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Mádáàmù ní òun ò fẹ́ rí aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, pé kó sì jẹ́ aṣọ òtútù gidi. Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo gbọ́. Ọjọ́ márùn-ún, aṣọ márùn-ún, láìra ọ̀pá kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tí mo kó sínú àpò fún ẹ náà ni. Mi ò ní òmíì.

TÉLỌ̀: Ohun tí ẹ kó sínú àpò! Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo tú àpò yẹn, àwọn aṣọ náà dìde kí mi. Ṣòkòtò dúdú yẹn wúkọ́. Ó ní òun bá Nóà wọ ọkọ̀, pé ẹ̀gbẹ́ erin ni wọ́n há òun sí, ìyẹn ló fà á tí orúnkún òun fi já.

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀.

TÉLỌ̀: Ó dáa, ó dáa. Monday: gàúnù yẹ́lò tí ẹ wọ̀ nígbà oyún àbíkẹ́yìn. Ó fẹ̀ débi pé nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ bọ́ bàtà, ó rò pé ilé àdúrà ni. Mo gé e ní ìbàdí, ó di búláòsì, mo fi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ yín sí i lọ́rùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ọkọ mi mọ̀?

TÉLỌ̀: Á mọ̀ tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Tuesday: ṣòkòtò Nóà. Mo tú àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, mo so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó di síkẹ́ẹ̀tì. Ibi tó ti já lórúnkún, mo fi àpò bò ó.

Ẹ̀GBỌ́N: Àpò lórúnkún?

TÉLỌ̀: Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lókè òkun nìyẹn. Wednesday: súẹ́tà méjì tó ní ihò. Mo gé wọn láàárín, mo so ìdajì pupa mọ́ ìdajì aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n máa dúró níwájú àlejò bí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì.

TÉLỌ̀: Ẹ̀yin náà ẹ máa dá wọn dúró, ẹ máa ní kí wọ́n kọjá! Iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn? Thursday—

[Ìlà náà ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: —yí inú rẹ̀ síta. Oòrùn ò rí inú yẹn rí. Ó tuntun bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ẹ ń gbọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Inú kí ni?

TÉLỌ̀: Gàúnù ìgbéyàwó ìyàwó mi tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ wọ̀ títí tó fi ṣá. Ẹ̀yìn ló ti ṣá, inú ò ṣá. Mo tú u, mo yí i, mo rán an padà. Obìnrin yẹn nìkan ni mi ò lè yí inú ẹ̀ síta.

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹ̀rín díẹ̀, ikọ́] Ọlọ́run á dárí jì ẹ́. O kú iṣẹ́. Lóòótọ́, o kú iṣẹ́.

TÉLỌ̀: Màmá ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn gan-an tún ni. Láti Tuesday ni kò ti jókòó lójú fèrèsé mọ́. Ó kàn ń ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń tì í. Ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Láàárọ̀ yìí ló wá ní òun ń bọ̀ wá kí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

TÉLỌ̀: Kí èmi? Ìgbà tí Màmá wá síbí gbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ni kò sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kó dúró de Sunday, ó ti wọ bàtà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mi ò lè sinmi níbí, mi ò lè sinmi nílé. Friday ńkọ́? Sọ Friday, kí n padà síṣẹ́.

TÉLỌ̀: Háà, Friday! Friday ni ọba wọn. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́, mádáàmù fúnra ẹ̀ á dìde, á ní ẹ wá gba àga òun. Kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn—

Ẹ̀GBỌ́N: Kóòtù wo?

TÉLỌ̀: Kóòtù eérú tó nípọn bí ògiri. Mo gé apá ẹ̀ dànù, mo dín fífẹ̀ ẹ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn tí kò lápá. Apá kan ti di fìlà, ó wà lórí mi báyìí. Láti àárọ̀, àwọn oníbàárà ń pè mí ní ọ̀gá. Apá kejì, mo fi dí ihò fèrèsé—

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀. Mi ò ní kóòtù eérú.

TÉLỌ̀: Ẹ ní i. Ìsàlẹ̀ àpò ló wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mi ò ní i. Aṣọ búlúù ni inú ẹ̀?

TÉLỌ̀: Búlúù ni. Wọ́n tiẹ̀ yí búlúù yẹn síta—

Ẹ̀GBỌ́N: Àpò ọ̀tún ẹ̀ jìn ju tòsì lọ?

[Maṣíìnì ìránṣọ dákẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó jìn?

TÉLỌ̀: Ó jìn.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti gé kóòtù Bàbá.

TÉLỌ̀: Rárá. Rárá o! Kóòtù Bàbá ní bọ́tìnnì idẹ mẹ́rin, àwọn ni mo máa ń gé lẹ́nu nígbà tí eyín mi ń yọ lọ́mọ ọwọ́. Èyí ò ní bọ́tìnnì kankan—

Ẹ̀GBỌ́N: Kóòtù tó fi ṣọ́ géètì ilé ìwé fún ogún ọdún! Èyí tí Màmá ń gbá mọ́ra lójú fèrèsé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ jáde! Báwo lo ṣe wò ó tí o ò dá a mọ̀?

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, kókó ló ní! Kí lòfin wa? Ta ló kọ́ wa? Aṣọ tí apá ẹ̀ bá ti ní kókó, gígé ni. Èyí tí kò bá ní kókó, títúnṣe ni. Màmá fúnra ẹ̀ ló fi òfin yẹn tọ́ wa dàgbà, ẹ̀wù kan, ọmọ mẹ́fà. Mo rí kókó, mo mú sísọ́ọ̀sì. Mi ò tiẹ̀ wojú aṣọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó máa ń fi apá ẹ̀ so ó mọ́ ìbàdí tó bá jókòó! Kókó ìbàdí nìyẹn! Ilẹ̀ Tuesday ò tíì mọ́ tán tí mo kó àpò yẹn, ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀ ni mo gbé e sí, ó ti yọ̀ bọ́ sínú ẹ̀—

TÉLỌ̀: Kókó ìbàdí, ọ̀kan ni. Èyí, méjì ni, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ó le bí ẹ̀kúrọ́. Eyín ni mo fi tú u.

Ẹ̀GBỌ́N: Má ka kókó fún mi! Òun ló ń wá! Láti Tuesday, kóòtù ló ń wá, ojú ń tì í láti bi mí. Èmi ni mo kó ọkọ ẹ̀ sínú àpò. [ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀] Tìtorí kí n lè jókòó níwájú.

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sunkún.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò lágbára ẹkún. Ṣé o lè rán an padà bó ṣe wà?

TÉLỌ̀: Èmi? Mo lè rán ọ̀run mọ́ ilẹ̀, kí n fi sípù sí i. Ṣùgbọ́n aṣọ tí sísọ́ọ̀sì ti gba èjìká ẹ̀ kọjá... Kò lè padà, Ẹ̀gbọ́n. Ojú rírán á hàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́ mi. Tó bá dé, sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Pé mò ń fọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́.

TÉLỌ̀: Títí di ìgbà wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò mọ̀. Ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Kó gbogbo ẹ̀ pamọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn han. Ìró ọ̀pá lórí ilẹ̀.]

TÉLỌ̀: [ohùn jẹ́jẹ́] Ó ti dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó o pamọ́!

TÉLỌ̀: Mo ti jókòó lé e. Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ kú ẹsẹ̀! Ẹ wo ara yín, ẹ ti ń kéré sí i, láìpẹ́ a ó máa pọ̀n yín—

ÌYÁ: [láti ọ̀nà jíjìn] Kí ló wà lórí ẹ?

TÉLỌ̀: Orí mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè. Fìlà.

ÌYÁ: Apá ọkọ mi ló wà lórí ẹ yẹn.

TÉLỌ̀: Màmá, ẹ má bínú. Kóòtù yẹn wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń fọ̀ ọ́—

ÌYÁ: Wọ́n ń fọ̀ ọ́, apá ẹ̀ wá rìn wá síbí? Ta ló wà lórí fóònù? Gbé e wá. [ariwo, fóònù kan tábìlì] Hẹ́lò?

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ó yọ̀ bọ́ sínú àpò, ilẹ̀ ò tíì mọ́—

ÌYÁ: Kò yọ̀ bọ́ síbì kankan. Èmi ni mo ki í bọ ibẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lẹ wí?

ÌYÁ: Èmi tí mo kọ́ yín ní kókó títa, ṣé mi ò mọ ohun tí mò ń ta ni? Mo yọ bọ́tìnnì, mo yí inú ẹ̀ síta, mo ta apá méjèèjì. Mo mọ̀ pé tí àbúrò ẹ bá rí ojú aṣọ yẹn, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu ẹ̀, kò ní lè gé e.

[Ìlà náà ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kí lẹ wá ń wá kiri ilé láti Tuesday?

ÌYÁ: —tìnnì. Mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀kẹrin yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i láàárọ̀. Ẹ̀wù tó bá fi kóòtù yẹn rán ò lè wà láìní bọ́tìnnì, ìwọ tí o fẹ́ jókòó níwájú èèyàn. Mo ti kó wọn fún àbúrò ẹ. [sí Télọ̀] Gba abẹ́rẹ́, má wò mí bí ewúrẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀yin lẹ ni kóòtù yẹn, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbá a mọ́ra.

ÌYÁ: Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbá a mọ́ra. Kò gbá mi padà lọ́jọ́ kan. Ó ti rẹ̀ mí. Mò ń wò ọ́ lójú fèrèsé yẹn láràárọ̀, o ń jáde pẹ̀lú súẹ́tà tó lu, èjìká ẹ ti gun orí. Òkú kì í gbọ̀n, ọmọ mi. Ìwọ lò ń gbọ̀n.

[Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn.]

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́, Màmá.

ÌYÁ: Àpò ọ̀tún, ṣé wọn ò gé e?

TÉLỌ̀: [láti ẹ̀yìn] Ó wà bó ṣe wà, Màmá. Mi ò fọwọ́ kàn án.

ÌYÁ: Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbóná. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá sí níwájú ẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa fi bo orúnkún?

ÌYÁ: Èmi? [sí Télọ̀] Bọ́ ọ. Bọ́ fìlà yẹn, kò yẹ ẹ́, o dà bí ìkòkò tó dé ọmọrí. Ẹ̀ẹ́n. [ó mí kanlẹ̀] Apá kan ti tó mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, ẹ dúró. Tí mo bá dé lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó lójú fèrèsé yẹn díẹ̀. Mi ò ní ká nǹkan kan. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màmá? Ṣé ẹ—

[Fóònù já.]