Bọ́tìnnì Tí Mo Tẹ̀ Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìdánwò

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí àìsàn wọn le, ẹ̀yin tí ẹ fi omijé kọrin fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ ka ìwé yìí dé ìparí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọ iṣẹ́, dókítà tó ń tọ́jú mi kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ní kí n gbàdúrà, ọwọ́ kékeré kan ni mò ń rí, ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé. Mi ò lè gbé e dé iwájú Onídàájọ́ kí n tó gbé e síwájú yín. Ẹni tí ẹ lé lọ kọ́ ló ba ọwọ́ ọmọ náà jẹ́. Èmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé Ọwọ́lójú ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ tí àwọn ẹlòmíràn ti gún títí tó ti sú wọn. Mo máa ń dijú, mo máa ń fi ìka méjì rìn lórí apá ọmọ náà jẹ́jẹ́, mo máa ń kun orin mímọ́ sínú, abẹ́rẹ́ á sì wọlé. Dókítà àgbà pàápàá á pariwo pé, "Ẹ pe Ọwọ́lójú wá o, kí ẹ yé fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe tìmùtìmù abẹ́rẹ́!" Ẹnu mi á ní ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n inú ikùn tèmi ni ògo náà ń lọ. Alágàbàgebè ni mí.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ síkáànù kékeré dé, èyí tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tí à ń tì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ó fi inú ara ọmọ hàn wá. Wọ́n ní kí gbogbo wa kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà lé apá nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, mo wo ojú ẹ̀rọ títí, ohun tí mo rí kò ju òjò tó ń rọ̀ sára gíláàsì fèrèsé lọ. Mo ní, "Iṣan dà níbí?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé nọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Mọ́mì, òun nìyẹn níwájú yín, ó ń juwọ́ sí yín!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹnì kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò ni mò ń pè é. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tí rọ́bà wà ní imú rẹ̀, èmi ni mo ṣáájú orin níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ bí omi ṣe mọ́ ẹja lára. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń rí iṣan kí n tó dijú tán. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wa ń rò pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ ọmọkùnrin kan lẹ́nu, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e láyà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi ló yí ọkàn ẹ̀ ká." Wọ́n fa omi náà, ọmọ náà mí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Arínúróde. Mo sá tọ ìyàwó pásítọ̀ wa lọ, mo ní ọ̀rọ̀ òdì ni, pé orúkọ Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pe ènìyàn. Irọ́ ni. Ká ní èmi ni wọ́n fi pè, ǹ bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wá mú mi bínú jù ni oore rẹ̀. Ó máa ń ní, "Mọ́mì, tí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ ká jọ lò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n san án díẹ̀díẹ̀." Mo máa ń ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Lẹ́yìn náà, mo máa ń wọ yàrá oògùn lọ, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń sunkún ìlara. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nípa ọba àtijọ́ tó ju ọ̀kọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi orin tù ú nínú. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń kọ́ wọn.

Wọ́n wá kéde pé olùkọ́ kan ń bọ̀ láti òde wá dán wa wò lórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá yege ni yóò máa kọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ sì mọ orúkọ ta ni. Ẹ rántí òfin wa: ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ mímọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹnì kejì ni yóò fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ òsì ọwọ́ ẹ̀rọ, yóò wò ó bóyá òsì náà ló mì lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ gún ọmọ yóò béèrè pé, "Ṣé òsì jẹ́ òsì?" Ẹnì kejì yóò dáhùn pé, "Òsì jẹ́ òsì." Oníabẹ́rẹ́ yóò ní, "Mo gbọ́." Nítorí bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń yí àwòrán padà bíi ti dígí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tí abẹ́rẹ́ bá lọ sí òsì, ojú ẹ̀rọ yóò ní ọ̀tún ló lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Orí apá oníke tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni ìdánwò náà máa wáyé, èmi ni mo sì máa jẹ́ ẹnì kejì rẹ̀. Mo ní kó kàn gún ibi tí kò yẹ, kí ojú tì í lójú àlejò, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tirẹ̀ náà. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹ̀jẹ̀ lára oníke. Báyìí ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó máa ń fi ibi kékeré hàn yín.

Àlejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sáré gbé ọmọbìnrin kan wọlé, ọmọ ọdún méjì. Ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti lọ sókè. Mo fi ìka wá iṣan, mi ò rí nǹkan kan. Ọwọ́lójú fọ́jú! Dókítà àgbà ń tẹ báàgì atẹ́gùn, ó ní, "Arínúróde, apá òsì, yá!" Àbúrò wọ ìbọ̀wọ́. Mo ti ẹ̀rọ náà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé apá ọmọ náà. Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì náà, mo lè tẹ̀ ẹ́ padà kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Mo gbójú sókè, mo rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́yà, ó ń wo Àbúrò. Mo ní nínú ọkàn mi pé, jẹ́ kó rí àṣìṣe Arínúróde báyìí.

Àbúrò kò bojú wẹ̀yìn. Ó béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé òsì jẹ́ òsì?"

Mo ní, "Òsì jẹ́ òsì."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo rí abẹ́rẹ́ tó ń ṣìnà. Mo rí i tó tún un ṣe, tí àtúnṣe náà sì ń gbé e jìnnà sí i. Ó bọ́ sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́, kàkà kó wọ èyí tó ń gbé e padà sọ́kàn. Ká ní ara ọmọ náà yá ni, ẹ̀jẹ̀ náà ìbá tú yàà, gbogbo wa ìbá sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń kú lọ kì í fò. Ó rọra yọ, ó dúdú. Wọ́n ní, "Ó ti wọlé!" Wọ́n fi oògùn tó ń gbé ọkàn ró sí i. Oògùn náà bá iṣan ọwọ́ náà, ó fún un pa. Ọwọ́ náà kọ́kọ́ funfun bí ìwé. Nígbà tí gbogbo wọn bò ó, tí wọ́n ń pariwo, mo tẹ bọ́tìnnì náà padà.

Dókítà àgbà rí ọ̀nà míràn sára ọmọ náà, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta dúdú, wọ́n sì gé wọn. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ jẹun, dì mọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti ọmọ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi? Mo ṣe àmín!

Síbẹ̀, èyí kọ́ ló burú jù. Àwọn àgbà ilé ìwòsàn pè wá jókòó. Àbúrò ní, "Mo béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì, wọ́n dá mi lóhùn." Wọ́n kọjú sí mi. Dókítà kò gbọ́ nítorí ariwo, àlejò jìnnà. Ẹ̀rí mi nìkan ló kù. Mo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ìyá, mo ní, "Ọmọ dáadáa ni o. Ìkánjú ló mú un. Kò béèrè." Ó wò mí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mọ́mì?" bí ẹni tó jí sínú ilé tí kò mọ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ọwọ́ àtijọ́ ló dára jù. Wọ́n tún ń pè mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo gún lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ẹ̀rọ ìbá fi ẹ̀ẹ̀kan gbà lọ́wọ́ ìrora, ẹ sì ń kí mi kú sùúrù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Àbúrò. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn mi, mo sì jẹ́wọ́.

Ó ní, "Mo béèrè, àbí?"

Mo ní, "O béèrè."

"Ẹ sì dá mi lóhùn?"

"Mo dá ọ lóhùn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà, Mọ́mì. Mo ti gbà pé mi ò béèrè. Ó ti wá dé ibi tí mò ń rántí bí mi ò ṣe béèrè. Gbogbo alẹ́ ni mo fi ń bẹ ọmọ yẹn." Mo ní kó dárí jì mí. Ó dìde, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ mi tó wú, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún èmi nìkan." Ó sì lọ.

Mo ti kọ ọ́. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé ìwòsàn, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá ọmọ náà, kí ó fi mí ṣe ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí ẹ kọ́ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ tètè sọ ọ́ síta, kó tó kẹ̀ nínú yín: ẹ ní, "Inú ń bí mi, kọ́ mi." Ojú á tì yín fún ìṣẹ́jú kan. Tèmi ti gba ọdún mẹ́fà, ó sì kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá kí mi. Ọ̀dọ̀ Àbúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, gbogbo yín pátá, kí ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ fún un láti ẹnu yín pé lóòótọ́ ló béèrè.