Ẹsẹ̀ Ajá Alhaji Bùsáírì

Kókó kan wú sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ Tanímọ̀la, ajá Alhaji Bùsáírì oníṣòwò pákó ní Ẹdẹ. Alhaji rí i, kò sì fọwọ́ kàn án títí ó fi di egbò. Ẹ̀yin mùmíní, àti ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ gbọ́ o: ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ ni ẹran tí à ń sìn. Yóò bi wá léèrè rẹ̀.

Kí ló dé tí Alhaji kò fi fọwọ́ kàn án? Àlùwàlá ni! Ó gbọ́ níbì kan pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ajá, àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́. Ta ló sọ fún un? Kò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ajá yìí ló ń ṣọ́ pákó rẹ̀, olè kò sì gbé igi kan níbẹ̀ rí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ó so àkísà mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó dúró lókèèrè, ó ń fi kùn ún. Ajá ń lá a. Ó bì, kò jẹun mọ́, ẹsẹ̀ sì tún wú sí i.

"Alhaji, ṣé ògiri lẹ̀ ń kùn ni?" Rálíátù ìyàwó rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Múnírù, fi mí sílẹ̀ jàre. Ìrun àsárì ti tó."

Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé búta. Ẹ sì mọ Alhaji: á ki ìka bọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí omi má fo ibì kankan. Ibẹ̀ ni Tanímọ̀la tiro dé. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó tì í bọ inú omi tó ń ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Rálíátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o! Ajá Alhaji ń ṣe àlùwàlá!"

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àárín ìka tirẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó wo ti ajá, kìkì ọyún. Ó dorí búta kọ ẹsẹ̀ náà, ó sì da omi sí i títí omi fi tán.

Bó ṣe kírun tán, ó gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹran.

"Ta ló kun èyí, sà?"

"Èmi ni."

"Ó kù díẹ̀ kí ẹ pa á."

Obìnrin náà la kókó, ó fa ẹ̀rún pákó yọ. "Pákó tó ń bá yín ṣọ́ ló gún un." Ó fún un ní oògùn, ó ní kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ajá má baà lá a. "Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?"

Alhaji ní, "Èmi náà ni."

Ó wá bá mi: "Alfa, àlùwàlá mi ńkọ́?"

Mo ní, "Fífọwọ́ kan ajá kò bà á jẹ́. Bí itọ́ rẹ̀ bá kàn yín, ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ máa bá ìrun yín lọ. Ẹ̀ bá ti béèrè látijọ́."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí mímọ́ tiwa di wá lójú sí ìnira ẹ̀dá tó gbójú lé wa. Kí Ó fi ìmọ̀ tọ́ ẹ̀sìn wa sọ́nà, kí Ó sì fi àánú kún un. Àmín.

Mo gba ìsọ̀ pákó náà kọjá lánàá. Egbò ti jinná, irun kò tíì hù síbẹ̀, ajá náà sì ń sáré.