Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọjọ́ Orí Mi

Ẹ jẹ́ kí omi yẹn wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Hàbíbátù, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi láti àdúgbò wa ní Dougouba wá sí Belleville tiyín láàárọ̀ kùtù báyìí. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Abdoul, ọmọ ọmọ mi, ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Èmi Sẹ̀gilọlá tí mo wẹ Abdoul fúnra rẹ̀, tí mo wẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, tí mo bá yín wẹ Waheed ọmọ yín nígbà tí ara yín kò yá, èmi ni Larissa ìyàwó Abdoul ní kí n má fọwọ́ kan ọmọ àfi bí ẹnì kan bá dúró tì mí. Kò bú mi o, ó ń rọra sọ ọ́ ni. Maman, ẹ jókòó, Maman, ẹ sinmi. Ìsinmi kí ni? Wọ́n ti gbé abọ́ ìwẹ̀ ọmọ kúrò ní yàrá mi.

Ẹ ní kí ni mo ṣe? Ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe náà ni mo ṣe. Mo pe ọmọ ní Abdoul, mo sì pe Abdoul ní orúkọ bàbá rẹ̀. Mo fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ọbẹ̀ jó díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í dárúkọ ọmọ mẹ́ta kí ẹ tó kan èyí tí ẹ ń pè? Abdoul wá ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò, pé nǹkan tuntun ti dé tí wọ́n fi ń rí àrùn ìgbàgbé kó tó fojú hàn rárá, kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo ní kò burú. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó rí bí ihò, ó ń dún gbà-gbà-gbà lórí mi, mo ń ka Fátíhà nínú ọkàn mi, n kò sì fo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Àwòrán ọpọlọ mi ló ń yà. Dókítà kọ́ ló sì kọ́kọ́ wò ó, kọ̀ǹpútà kan ni, ọgbọ́n àtọwọ́dá ni Abdoul pè é, wọ́n ti fi ọpọlọ àìmọye èèyàn hàn án tó fi jẹ́ pé bó bá rí ti ẹnikẹ́ni, á sọ bó ṣe gbó tó. Wọ́n bá fún un ní ọdún tí wọ́n bí mi láti inú kàátì ìdánimọ̀ mi. Ó wo kàátì, ó wo ọpọlọ, ó ní wọn kò bára mu, ọpọlọ obìnrin yìí fi ọdún mẹ́wàá gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí Abdoul máa ṣọ́ mi.

Ọdún mẹ́wàá géérégé. Ẹ má wo ilẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ ibi tí ọdún mẹ́wàá yẹn ti wá, ẹ̀yin nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Ghana ní 1969, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ ní Kumasi. Ìgbà tí bàbá Abdoul fẹ́ ṣe ìwé wa níbí ní mẹrí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ó ti gé ọjọ́ orí tirẹ̀ kúrú nítorí iṣẹ́, ó ní ìyàwó òun kò lè dàgbà ju òun lọ nínú ìwé, ló bá sọ fún akọ̀wé pé 1962 ni wọ́n bí mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Inú mi dùn pé mo di ọmọdé.

Ẹ rò pé n kò sọ fún Abdoul? Mo jókòó tì í, mo ní ọmọ mi, irọ́ ni kàátì yẹn, mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sí dókítà pé Màmá kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́ pé Màmá ti ń bínú. Bí mo bá dákẹ́, àìsàn ni, bí mo bá sọ̀rọ̀, àìsàn ni, bí mo bá sọ òótọ́, ìyẹn ló burú jù.

N kò bá ẹ̀rọ yẹn jà o. Àwa la purọ́ fún un. Láti ọjọ́ yìí wá, òun nìkan ló wo inú orí mi tó sọ pé àgbàlagbà ni mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò ní parọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ pé ìgbàgbé náà ń bọ̀ lóòótọ́, kí wọ́n fi ọdún tèmi gan-an wò ó kí n lè mọ̀, kí wọ́n má fi ti ẹni inú kàátì tí kò sí láyé dá mi lẹ́jọ́.

Èmi nìkan lọ bá dókítà lánàá. Ó fetí sí mi. Ó ní bí ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré bá sọ ọ́ lójú Abdoul, òun á fi ọdún tó tọ́ sínú ẹ̀rọ, òun á tún un wò. Aago mẹ́sàn-án òní ni, Abdoul sì ti gbà láti wá.

Kí lẹ ń mi orí sí? Ẹgbẹ́? Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ lẹ ń rò. Lọ́jọ́ tí àwa ìyá Yorùbá, Anago tí wọ́n ń pè wá níbí, fẹ́ yan olórí, kàátì ni wọ́n fi tò wá, 1958 ló wà nínú tiyín, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, àga di tiyín. N kò sọ̀rọ̀, kí n má ba ìwé ọkọ mi jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ìjókòó, lórí ìkúnlẹ̀, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, èmi tí mo di irun yín nínú lọ́rì, tí mo gbé yín lé itan láti Kumasi nítorí pé àyè kò tó.

Ẹ̀ẹ́n? Kí n jẹ́ kí ẹ rò ó wò ná? Ta ló ń wẹ ọmọ yẹn bí a ṣe jókòó yìí? Larissa kò mọ bí wọ́n ṣe ń na apá ọmọ, fóònù ló fi ń wò ó.

Dìde, Hàbíbátù. O gbọ́ mi dáadáa, mo ní dìde. Mú ìborùn rẹ. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, màá padà sórí ìkúnlẹ̀ mi, àga ẹgbẹ́ á jẹ́ tìrẹ títí n ó fi kú, n kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n láago mẹ́sàn-án òní, lójú dókítà, lójú Abdoul, ìwọ lo máa kúnlẹ̀, ìwọ lo sì máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n.