Igi Tó Há Mọ́ra

Nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń ti Iléṣà lọ sí Òṣogbo, ìyá àgbà kan rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó, kò sì tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Ọ̀gá, mo bú yín nígbà yẹn o! Àwọn tó wa góòlù ba ilẹ̀ bàbá mi jẹ́, ẹ bá wa dí kòtò rẹ̀, ẹ wá ní ká gbin igi sí i, kí ẹni tó bá dúró láàárín méjì lè fọwọ́ kan méjèèjì. Mo ní àwa tí a ń gbin kòkó, ṣé bí igi ṣe ń há mọ́ra nìyẹn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ sì fa ìdajì tu, Màmá."

"Mo fà á tu! Òjò àkọ́rọ̀ sì wọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ibi tí mi ò fọwọ́ kàn nìkan ló dúró. Ẹ ò bú mi, ẹ tún òmíràn gbìn."

"Èso la ń wá lára kòkó, Màmá. Ti ibẹ̀ yẹn, kí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú ni. Ìwọ̀n àlàfo igi yẹn náà la wá ń lò fún gbogbo kòtò góòlù báyìí."

Ìyá tú ẹrù tó fi ewé dì, tó wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kó olú tútù lé e lọ́wọ́.

"Abẹ́ àwọn igi yẹn ni mo ti hú u láàárọ̀ yìí. Ẹ gbé e fún ìyàwó yín. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ bàbá mi ló ní kí n dúpẹ́."